Ẹnu mi kò gba àdúrà mọ́: báwo ni ẹ̀yin tí ojú yín ti rí màbo ṣe tún gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run?

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín ní orúkọ Olúwa. Ó ti pé oṣù mọ́kànlá tí ìyàwó mi ṣaláìsí, lẹ́yìn àìsàn tí ó bá a jà fún ọdún kan àti ààbọ̀. Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa ní àkókò tí a ń gbé aláìsàn kiri, wọn kò sì tíì san owó oṣù mẹ́rin tí wọ́n jẹ mí. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi ṣe ìtọ́jú, mo sì tún yá òmíràn lọ́wọ́ àwọn tí ń gba èlé lóṣooṣù láti fi sin òkú. Oko bàbá mi ni mo padà sí báyìí, èmi àti àwọn ọmọ mẹ́ta, tí àbíkẹ́yìn wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Kì í ṣe owó ni mo wá tọrọ níbí. Inú ilé ìsìn ni wọ́n bí mi sí, inú rẹ̀ ni mo dàgbà sí, mo sì ti kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ọjọ́ ìsinmi fún ọdún púpọ̀. A gbàdúrà fún obìnrin yìí, a gbààwẹ̀, àwọn ará dúró tì wá, síbẹ̀ ó kú. Láti ìgbà náà, bí mo bá kúnlẹ̀, n kì í rí ọ̀rọ̀ sọ. Bí mo bá ń ka Orin Dáfídì 23, ẹsẹ kìíní gan-an ni mo ti ń dúró, níbi tí ó ti sọ pé èmi kì yóò ṣe aláìní, nítorí pé mo ṣe aláìní, àwọn ọmọ mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sọ fún mi pé ìgbàgbọ́ mi ló kéré. Ẹnì kan tilẹ̀ bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo fi pamọ́.

N kò fẹ́ fi Kristi sílẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ti gba irú ọ̀nà yìí kọjá ni pé kí ẹ sọ fún mi ohun tí ẹ ṣe ní ti gidi, ní ọjọ́ dé ọjọ́, tí ọkàn yín fi tún lè fara ti Ọlọ́run. Ẹ jọ̀wọ́, mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀.

Ìyá Àgbà, Ìjerò

Ọmọ mi, mo kí ọ kú ọ̀fọ̀. Mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, nítorí náà má ṣe bínú pé mo ń pè ọ́ ní ìwọ.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Orí ìkúnlẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 2004, ó sì fi ìkókó sílẹ̀ fún mi. Orúkọ tí àwọn obìnrin ìjọ fi ń pè mí ni Ìyá Ayọ̀, nítorí pé Ayọ̀ ni orúkọ ọmọbìnrin mi yẹn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a sin ín, bí wọ́n bá pe orúkọ yẹn, n kì í dáhùn. Ìyàwó àlùfáà wa ni ó mú Ìwé Rúùtù wá fún mi. Nígbà tí Náómì padà dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù láìní ọkọ, tí ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì sì ti kú sí ilẹ̀ àjèjì, ó sọ fún àwọn obìnrin ìlú pé kí wọ́n má ṣe pe òun ní Náómì mọ́, kí wọ́n máa pe òun ní Márà, nítorí pé Olódùmarè ti mú kí ayé òun korò gidigidi. Mo ka orí ìwé náà títí, mo ń wá ibi tí wọ́n ti bá a wí. N kò rí i. Ìkòkò ìbànújẹ́ rẹ̀ ni ó gbé wá síwájú Ọlọ́run bí ó ti rí, a sì kọ ọ́ sínú Ìwé Mímọ́ fún wa kí a máa kà á.

Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo dẹ́kun àdúrà gígùn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo máa ń jókòó sí etí ibùsùn, n óò sì sọ pé, "Olúwa, mo wà níbí." Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ mìíràn, mo máa ń fi ìbínú sọ ọ́. Nǹkan bí ọdún méjì ni mo fi sọ gbólóhùn kan yìí.

Èkejì ni pé mo jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn gbàdúrà ní ipò mi. Àwa ará Èkìtì mọ ohun tí àáró jẹ́. Bí a bá kọ ebè ní oko tèmi lónìí, oko tìrẹ ló kàn lọ́la, bí àìsàn bá sì dá ẹnì kan nínú ẹlẹ́gbẹ́ àáró dùbúlẹ̀, àwọn tí ó kù kì í jẹ́ kí igbó bo oko rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ṣe fún mi. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń wá, wọn yóò wẹ ọmọ, wọn yóò gbé omi kaná, wọn yóò gbàdúrà, èmi yóò kàn jókòó sáàárín wọn. Wọn kò bi mí bóyá mo ṣe àmín. Nínú Ìhìnrere Máàkù, orí kejì, ẹni mẹ́rin ni ó gbé ẹlẹ́gbà náà, tí wọ́n ṣí òrùlé, tí wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú Jésù, ìgbàgbọ́ wọn ni a sì kọ pé Jésù rí kí ó tó bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ kò bá lè gbé ọ báyìí, ọmọ mi, jẹ́ kí a gbé ọ.

Ní ọjọ́ kan tí mo ń já ewédú lẹ́yìn ilé, mo gbọ́ ohùn ara mi tí mo ń kọrin ìyìn. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìkókó ìjọ́sí ti di géńdé báyìí.

Arákùnrin Alágbàdúrà, Ìjàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ gun orí òkè lọ, kí ẹ gba ààwẹ̀ gbígbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ, láìmu, kí ẹ sì ké pe Ọlọ́run títí tí ẹ ó fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀nà tí mo fi rí ìtùsílẹ̀ nìyẹn nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì, Adó-Èkìtì

Ẹ jọ̀wọ́, arákùnrin mi láti Ìjàn, mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí n dá sí i kí ọ̀rọ̀ yìí tó tẹ̀ síwájú. Ẹ̀gbọ́n wa kò sọ fún wa bí òun ṣe ń jẹun tàbí bí òun ṣe ń sùn, ìyẹn sì ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ bi wọ́n. Ẹni tí ó tọ́jú aláìsàn fún oṣù méjìdínlógún, tí ó sì tún sin ín, ara rẹ̀ ti lò tán kí ọkàn rẹ̀ tó sọ pé ó rẹ òun. Mo ti rí àwọn opó, ọkùnrin àti obìnrin, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru sókè láìmọ̀, tí wọ́n sì rò pé ẹ̀mí Ọlọ́run ni ó fi àwọn sílẹ̀.

Ẹ wo Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Èlíjà sá wọ inú aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó sì ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Wòlíì ńlá ni, kò sì pẹ́ sígbà tí ó pe iná sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run. Ọlọ́run kò kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó rán áńgẹ́lì sí i pẹ̀lú àkàrà gbígbóná àti ìgò omi, ó tún jẹ́ kí ó sùn, ó sì tún fún un ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ọ̀nà náà jìn fún un. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà tó dé. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe gba ààwẹ̀ kankan báyìí. Ẹ jẹun lásìkò pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò kí wọ́n wo ìfúnpá yín, kí ẹ sì sọ fún wọn bí oorun kì í bá wá.

Mo tún fẹ́ béèrè ohun kan tí ojú kò gbọ́dọ̀ tì yín láti dáhùn, bí kò tilẹ̀ ṣe níbí: ǹjẹ́ èrò pé kí ẹ kú ń wá sí yín lọ́kàn? Bí ó bá ń wá, ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan lónìí olónìí, kí onítọ̀hún sì tẹ̀ lé yín lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, ti ìpínlẹ̀ wa sì wà ní Adó níbí. Lílọ síbẹ̀ kò tako ìgbàgbọ́. Lúùkù tí ó kọ Ìhìnrere, oníṣègùn ni Pọ́ọ̀lù pè é.

Arákùnrin Alágbàdúrà, Ìjàn

Ẹ ṣeun, màmá nọ́ọ̀sì. N kò ronú dé ibẹ̀. Ara mi le nígbà tí èmi gun òkè, n kò sì ní ọmọdé nílé tí ó ń wojú mi fún oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ti ààwẹ̀ sílẹ̀. Èmi yóò gbà á fún yín ní Ọjọ́rú yìí, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Àgbà ti fi àáró ṣàpèjúwe rẹ̀.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Adó-Èkìtì

Ẹ kú ìnira o, ẹnìkejì mi nínú iṣẹ́. Ìtàn ni mo kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ óò sì jẹ́ kí n gba ọ̀nà ìtàn wọlé.

Ẹ ní ẹ kò lè kọjá ẹsẹ kìíní Orin Dáfídì 23. Ẹ ronú nípa ẹni tí ó ṣiwájú iṣẹ́ tí ó mú ọ̀rọ̀ náà wọ inú èdè wa. Ọ̀dọ́mọdé ni Àjàyí nígbà tí àwọn akónilẹ́rú kọlu Òṣoògùn ní ọdún 1821, tí wọ́n sì kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ. Wọ́n yà wọ́n nípá, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Pọtogí. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà ní ọdún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró, tí í ṣe Sierra Leone, ibẹ̀ ni ó ti di onígbàgbọ́, tí ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ọdún 1846 ni ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko! Láàárín gbogbo ìgbà yẹn, kò mọ̀ bóyá ìyá náà wà láàyè tàbí ó ti kú. Nígbà tí odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá ní ọdún 1884, ọkùnrin yìí ni ó ti ṣe olórí iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n sí lọ́rùn ni ó kọ́ wa láti pe Olúwa ní olùṣọ́-àgùtàn, kò sì ṣeé ṣe kí ó rò pé ẹni tí ó ní olùṣọ́ kì í rí àfonífojì, nítorí pé ẹsẹ kẹrin wà nínú orin kan náà.

Ní ilẹ̀ Èkìtì wa níbí pẹ̀lú, lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mú ìhìnrere wọlé ni àwọn tí ogun ti kó lẹ́rú, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì padà wálé bí ogun Kírìjí ti ń parí lẹ́yìn àdéhùn ọdún 1886. Àwọn tí ìyà ti jẹ ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá fún wa. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń wàásù rẹ̀ bí ẹni pé ti àwọn tí nǹkan dẹ̀ lọ́rùn nìkan ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ fi Orin Dáfídì 23 sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ máa ka 13 àti 88. Ẹni tí ó kọ 13 béèrè lọ́wọ́ Olúwa bóyá yóò gbàgbé òun títí láé. Ní ti 88, inú òkùnkùn ni ó parí sí, kò sí orin ayọ̀ kankan ní ìparí rẹ̀. Síbẹ̀, orin ìsìn ni, inú tẹ́ḿpìlì ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Ẹni tí ó ń ráhùn sí Ọlọ́run ṣì ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n, kò tíì kẹ̀yìn sí i.

Ọmọ Ẹfọ̀n

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ti bàbá olùkọ́. Ìlú wa, Ẹfọ̀n-Aláayè, ni ibojì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, oníwàásù ìsọjí nì, wà. Àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ìyanu rẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í sábà rántí irú àkókò tí ó jẹ́. Awakọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ojú ọ̀nà ni nígbà tí ó gba ìpè ní oṣù October ọdún 1928, ó sì fi iṣẹ́ tí owó rẹ̀ dájú sílẹ̀. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní ọdún 1930, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní Ẹfọ̀n, ọ̀wọ́n owó ti gba gbogbo ayé kan, owó kòkó sì ti já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó orí kò dúró. Àwọn tí ó kún ojú agbo náà kì í ṣe ẹni tí ó yó. Ní ọdún 1932, wọ́n fi òun fúnra rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ìyà tí ó ń jẹ yín ni ẹ̀rí pé Ọlọ́run ti kọ̀ yín, ẹ bi í bóyá Ọlọ́run ti kọ Babalọlá náà nígbà tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n.

Arábìnrin Aránṣọ, Ìkẹ́rẹ́

Ẹ ṣọ́ra fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun tó gbàdúrà fún yín. Nígbà tí ọkọ mi sọnù láti ojú ọ̀nà, mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo gbé owó rẹ̀ fún ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní wòlíì, ó sì tún béèrè ẹ̀ẹ̀kejì. N kò ní owó ẹ̀ẹ̀kejì, ó sì ní ìdí nìyẹn tí a kò fi rí ọkọ mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi rò pé èmi ni mo fà á. Ẹ̀bùn ni oore-ọ̀fẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má ta nǹkan kan.

Alàgbà, agbègbè Ọ̀yẹ́

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí ní alẹ́ àná, n kò sì lè sùn dáadáa, nítorí pé èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wo ojú opó kan ní ìjọ wa, mo sì sọ fún un pé ká ní ó gbàgbọ́ tọkàntọkàn ni, ọkọ rẹ̀ ì bá yè. Obìnrin náà kò padà wá sí ìjọ wa mọ́. Mo ti lọ bá a, mo sì ti dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì dárí jì mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti bọ́ lẹ́nu kò ṣeé kó mọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín ní ipò àwọn tí ó sọ ọ́ fún yín.

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n jókòó tì í lórí ilẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu láti ṣàlàyé ohun tí Ọlọ́run ń ṣe ni wọ́n ṣìnà, Ọlọ́run sì sọ ní ìparí ìwé náà pé wọn kò sọ ohun tí ó tọ́ nípa òun bí Jóòbù ti sọ ọ́, Jóòbù tí ó ti ráhùn láti orí kẹta. Àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ ni ó yẹ kí a ka ibẹ̀ kí a tó lọ kí ọlọ́fọ̀.

Ìwé Jákọ́bù, orí kejì, sì béèrè àǹfààní tí ó wà níbẹ̀ bí a bá sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kí ó máa lọ ní àlàáfíà, tí a kò sì fún un ní ohun tí ara fẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ gbèsè. Iṣẹ́ mi ní ìjọba tẹ́lẹ̀ kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ jẹ sórí ìwé kan, ẹni tí ẹ jẹ, iye tí ó kù àti èlé orí rẹ̀. Ẹ lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ yín kí wọ́n tó wá bá yín, kí ẹ mú oníìgbọ̀wọ́ yín dání, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fa àkókò gùn, kí iye tí ẹ ń san lóṣù lè dín kù. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó máa ń gbà bí ẹni náà bá fojú hàn. Owó elélèé oṣooṣù ni kí ẹ kọ́kọ́ lé tán, nítorí pé òun ni ó ń bí ọmọ. Ẹ má ṣe yá owó láti san owó. Ní ti owó oṣù mẹ́rin yẹn, ẹ wá ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín jáde, kí ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ní kì í ṣe owó ni ẹ wá tọrọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń ṣe alàgbà, mo ti rí i pé ẹ̀rù onígbèsè tí ó ń kan ilẹ̀kùn máa ń bo ohùn àdúrà mọ́lẹ̀, bí ọkàn bá sì fúyẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, èèyàn tún lè gbọ́ ara rẹ̀. Ọ̀yẹ́ kò jìnnà sí Ìkọ̀lé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n mọ ọ̀nà ilé yín.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ó sì yẹ kí n jábọ̀ fún yín.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ mi ru gidigidi, wọ́n fún mi ní oògùn, mo sì ti ń sùn díẹ̀. Ní ti ìbéèrè tí màmá nọ́ọ̀sì bi mí, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn mi, mo sì ti sọ ọ́ fún àbúrò mi ọkùnrin. Ó wá láti Àkúrẹ́ ní ọjọ́ kejì, a jọ lọ rí dókítà ní Ìdó, a ó sì tún padà lọ lóṣù tí ń bọ̀. Akọ̀wé alájẹṣẹ́kù gbà kí n máa san ìdajì iye ti tẹ́lẹ̀ lóṣù.

Mo ka Orin Dáfídì 88 sókè ní òru ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ti sùn. Mo sunkún débi pé àkọ́bí mi jí. Ó wá jókòó tì mí, ó bi mí ohun tí mo ń kà, ni mo bá tún un kà fún un. Ó ní òun kò mọ̀ pé irú èyí wà nínú Bíbélì. Láti ọjọ́ náà ni àwa méjèèjì ti ń ka orin kan lálẹ́. Gbólóhùn Ìyá Àgbà ni èmi ń sọ ní òwúrọ̀. N kò lè sọ fún yín pé mo ti gbọ́ ohùn kan, ṣùgbọ́n kò tún dà bí ẹni pé inú yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, n kò lè kọrin, mo sì dúró títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ìyá Àgbà, Ìjerò

Mo rí i, ọmọ mi. Má ṣe fi ipá kọ ọ́. Bá mi fọwọ́ kan àbíkẹ́yìn yẹn lórí.

Alàgbà, agbègbè Ọ̀yẹ́

Mo ti bá àwọn ọkùnrin ìjọ wa sọ̀rọ̀, ẹni méje ni ó ti dárúkọ. Ní ọjọ́ Sátidé, a ó dé oko yín kí oòrùn tó mú, kí a bá yín kọ ìgba ebè. Àwa ni a ó gbé ọkọ́ wa dání. Ẹ̀yin ẹ kàn bá wa se iṣu sílẹ̀.